Sípíríǹgì Típà Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Bàámi

Òórùn ẹyin tó fọ́ sórí irin ọkọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá ti rántí Mowe ìgbà èwe mi. Mo rí àárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹni pé àná ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn igi gúáfà wa, Bàámi àti Màámi sì ti gbé ẹyin jáde láti ìdájí, wọ́n ń kó o lọ fún àwọn alátùntà ní Ibafo. Mi ò tíì gbálẹ̀ tán tí mo fi gbọ́ ìró píkọ́ọ̀pù wa tó ń padà bọ̀. Ó yá jù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sílẹ̀, omi ẹyin tú jáde sórí iyanrìn, pupa àti funfun rẹ̀ ti dàpọ̀, àwọn adìyẹ aládùúgbò sì sáré wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún láìtijú.

Màámi ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tí ara rẹ̀ ṣì pé sínú abọ́, wọ́n ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀ẹ̀rùn la ṣì wà yìí. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹyin mi ò sì lè dé Ibafo láìfọ́, Mushin ni mò ń kó àwọn ọmọ yìí padà sí." Èmi ni Bùkọ́lá tí wọ́n fi ń pe Bàámi, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí àwọn òbí yín náà sá fún lánlọ́ọ̀dù Èkó, tí wọ́n wá ra ilẹ̀ sí agbègbè yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, ẹ ò ní bi mí léèrè irú ọ̀nà tí mò ń wí. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún Bàámi sọ pé ibẹ̀ ò jìnnà sí márosẹ̀. Kò purọ́. Fún ẹyẹ ni kò jìnnà. Fún àwa tí a ń fẹsẹ̀ rìn, àti fún ohunkóhun tó bá ní táyà, ilẹ̀ pupa ni, tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ lọ́dọọdún, òkìtì níhìn-ín, kòtò lọ́hùn-ún. Kòtò kan tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa tiẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, Sọ̀kalẹ̀ la máa ń pè é, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọlọ́kadà ti máa ń sọ fún èrò wọn pé "Sọ̀kalẹ̀" kí wọ́n tó wọ́ alùpùpù kọjá. Bàámi ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Ikeja, àmọ́ wọn kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ti ra píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó yẹn. Màámi ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé. Ohun tí àwọn adìyẹ yẹn bá yé là ń jẹ, nítorí pé owó oṣù Bàámi ti wọnú búlọ́ọ̀kù àti páànù tán.

Mo fẹ́ràn ilé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ní Mushin, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà, à ń tò fún ilé ìwẹ̀, bí èèyàn bá sì sín nínú yàrá tirẹ̀, gbogbo ilé ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Ní Mowe, mo lè gun igi gúáfà kí n máa kọrin títí ohùn mi á fi há, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń da òun láàmú. Wọn ò tíì rẹ́ ògiri ilé náà, ọ̀rá la sì fi dí àwọn fèrèsé kan, ṣùgbọ́n tiwa ni. Bí Bàámi bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya, wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n á ní, "Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo." Màámi á ní kí wọ́n jẹ ẹ́ tán kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́ fún adìyẹ lómi.

Bàámi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Mushin yẹn tutù. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi sí iwájú ọkọ̀, ó di Ifo, lọ́dọ̀ Bọ̀dá Múfú tí ń tún sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe. Sípíríǹgì yìí ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀, òun ló máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ mì jẹ́jẹ́ bó bá kó sí kòtò. Àwọn típà tí ń kó òkúta ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ga débi pé mo rìn kọjá lábẹ́ ọ̀kan, Bàámi sì jágbe mọ́ mi. Iná èédú ń jó, òòlù ń dún, òórùn gírísì gba gbogbo ibẹ̀. Bọ̀dá Múfú jẹ́ ọmọ bíbí Ifo, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, búta àlùwàlá wọn sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n ń lu nǹkan lé.

Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ wa, wọ́n pòṣé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé sípíríǹgì rèé àbí rọ́bà? Ó ti rọ̀ jù! Ọ̀nà tó le lẹ̀ ń gbà, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó le sí i."

"Èyí tó le jù ni kẹ́ ẹ fi sí i," ni Bàámi fèsì.

Àwọn ọkùnrin méjì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ọmọdé. Bọ̀dá Múfú tú irin sípíríǹgì lára típà kan tó ti kú, wọ́n gé e, wọ́n fi iná sí i, wọ́n lù ú títí ó fi bá abẹ́ píkọ́ọ̀pù mu. Wọ́n kó o sí i, wọ́n tún lé òmíràn sí i. Bàámi ní ṣé kò ní gba ẹyọ kan sí i ni? Wọ́n tún fi ẹyọ kan sí i. Wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n wọ táyà tó ga fún un. Nígbà tí wọ́n yọ jáàkì, ọkọ̀ náà kọ̀, kò wálẹ̀. Ó dúró gagara bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Bọ̀dá Múfú gbá a létí, wọ́n ní, "Alihamudulilai! Kòtò ló kù tí yóò máa sá fún èyí." A jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lórí ìyẹn, mo sì sùn lọ nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀ nílé.

Gbogbo ọmọ àdúgbò ló sáré tẹ̀ lé wa wọlé. Màámi jáde, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n wo bí ó ṣe ga, wọ́n ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ṣé ẹyin la fẹ́ fi kó ni àbí òkúta?"

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Ohun tó gbé òkúta, ṣé ẹyin ni yóò wá ṣòro fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí gan-an. Èmi náà lọ ń sọ ọ́ kiri fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n di ẹyin, mo sì tẹ̀ lé wọn torí pé a ti gba ọlidé. Hàáà, ọkọ̀ fò! Bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn ni. Àtàrí Bàámi kan òrùlé ọkọ̀, fìlà wọn bọ́ sójú, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ lọ láìrí ọ̀nà. A gba Sọ̀kalẹ̀ kọjá, abẹ́ ọkọ̀ ò tiẹ̀ kan ilẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kò sí òkúta wẹ́wẹ́ kan lójú ọ̀nà yẹn tí ìdí wa ò mọ̀. Bí èmi bá sọ pé mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo pa. Mo rẹ́rìn-ín títí a fi dúró, tí Màámi lọ wo ẹ̀yìn. Èyí tó fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni," ni gbogbo ohun tí Màámi sọ. Wọn ò bá Bàámi jà. Ìbá ṣe pé wọ́n jà ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n tú àwọn kọ́tìnnì sílẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n ká wọn sínú báàgì, wọn ò sì fi wọ́n kọ́ padà mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tí wọ́n di àwọn ìkòkò ńlá sínú àpò. Bàámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi sì lọ sídìí igi gúáfà, mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè.

Ọjọ́ Àìkú ni Ọlọ́run dá wa lóhùn, kò sì lo ju àwọn obìnrin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Wọ́n ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ akọrin wọn, wọ́n ká a sókè kí eruku má bàa jẹ́ kó pọ́n, Bàámi sì ní kí wọ́n gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n kún un bámúbámú. Kéréètì ẹyin kan wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn níbẹ̀, tí Màámi fẹ́ fi ta abiyamọ kan lọ́rẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Bí a ṣe dé Sọ̀kalẹ̀, mo dijú, mo di irin mú. Ọkọ̀ náà kàn tẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gbéra jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá jókòó tó tún dìde. Mo lajú, mo wo kéréètì, mo fọwọ́ kan ẹyin náà níkọ̀ọ̀kan. Mo pariwo, "Màámi! Ẹyin ò fọ́! Kò fọ́ rárá!" Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rò pé mo ríran ni.

Bàámi ò tiẹ̀ dúró gbọ́ ìwàásù. Wọ́n ní kí àwọn akọrin má tíì sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nínú búbà funfun wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ń tàn. "Ìyá Bùkọ́, ebi ẹrù ló ń pa á! Sípíríǹgì típà ni, àyàfi kí nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ kó tó rọ̀. Ẹyin nìkan fúyẹ́ jù fún un." Màámi wò wọ́n, wọ́n wo búbà, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọ búbà yìí?

Láti ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni Bàámi ti di alágbe èèyàn. Láàárọ̀, wọ́n á máa wakọ̀ pẹ̀lẹ́ káàkiri àdúgbò, wọ́n á máa tẹ fèrè, wọ́n á máa ké pé, "Ẹ jáde o! Ẹ bá mi tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀! Ẹnì kan kì í jẹ́ àwádé!" Ọ̀fẹ́ ni. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ẹyin tó dé Ibafo. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ń wọlé, àwọn tíṣà tó ti gba ọlidé ń wọlé lọ nájà, àwọn oníṣòwò ń wọlé tẹrùtẹrù. Alhaja Ṣìfáwù, tí ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ibafo, ni ẹni pàtàkì jù. Ìdílé wọn ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, Ọlọ́run sì fún wọn lára. Ọjọ́ tí Bàámi kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ń fẹ́ èèyàn bíi tiwọn.

"Bíi tèmi báwo?" ni Alhaja bi wọ́n. "Ṣé pé mo sanra lẹ fẹ́ wí?"

"Ká má rí i, Alhaja. Àgbà ni mo ní."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, ibi tó bọ́ sórí sípíríǹgì gan-an ni ìjókòó wọn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, bí wọn ò bá tiẹ̀ sí nílé. Àwọn akọrin á dá orin ṣọ́ọ̀ṣì, Alhaja á gba orin mọ́ wọn lẹ́nu pẹ̀lú wákà, gbogbo ọkọ̀ á sì gbè é. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹyin. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ, mo mọ ẹni tó ń bínú sí ta ni, mo sì mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ìṣòro kan kù, ìyẹn àbọ̀ wa láti Ibafo. Ọkọ̀ òfìfo kò ṣeé jókòó sí, Bàámi ò sì lè dúró de àwọn òṣìṣẹ́ dìrọ̀lẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwókù búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, kí ìdí wa lè sinmi. Bí a bá sì dé àdúgbò, níbo la ó da àwókù búlọ́ọ̀kù sí? Inú kòtò ni. A bẹ̀rẹ̀ láti Sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró bá wa tẹ̀ ẹ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ò wá bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ọjà gan-an ló bọ́ sí. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń rọ̀, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Màámi wọṣọ, wọ́n gbé báàgì wọn sí iwájú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Bí ẹyin yìí bá fọ́ lónìí, Ibafo ni n ó ti wọ ọkọ̀ Mushin lọ wá yàrá. Ọ̀la ni n ó wá kó àwọn ọmọ." Bàámi ṣíná ọkọ̀. Wọ́n tẹ fèrè káàkiri. Kò sẹ́ni tó jáde. Ta ni yóò jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù tí kò ní òrùlé nínú irú òjò yẹn? Bàámi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú òjò, èmi sì jókòó ti kéréètì lábẹ́ tapólì, mò ń gbàdúrà bí mi ò ṣe gbà á rí.

Ìlẹ̀kùn ilé Alhaja ló kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n da ọ̀rá borí, wọ́n fi bàtà wọn há abíyá, wọ́n ń rìn bọ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ta ló ní òjò lè pa mí? Ṣé iyọ̀ ni mí ni?" Wọ́n wá yíjú sí gbogbo àdúgbò, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń ta aṣọ pariwo pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ fẹ́ máa wò ni? Ìyá Bùkọ́lá fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ!"

Wọ́n jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n jáde. Ẹni tó da báàfù borí, ẹni tó wọ ọ̀rá símẹ́ńtì, àwọn akọrin, àwọn tíṣà tó yẹ kó máa sùn torí ọlidé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ohunkóhun tí wọ́n ń lọ ṣe ní Ibafo lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn wá wúwo fún wa ni. Wọ́n na tapólì lórí ara wọn àti ẹyin, òjò ń lù ú, wọ́n ń pariwo rẹ́rìn-ín. Ní Sọ̀kalẹ̀, omi ti bo gbogbo rẹ̀, a ò rí ìsàlẹ̀. Bàámi dúró díẹ̀, wọ́n wọ inú omi náà. Mo gbọ́ bí táyà ṣe gun àwókù búlọ́ọ̀kù tí a ti dà síbẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀, ó tẹ̀, Alhaja ní "Lá ìláá!" ó sì gbéra.

Ní Ibafo, kò sẹ́ni tó lọ síbi tó ń lọ. Gbogbo wọn dúró yí Màámi ká nínú òjò bí wọ́n ṣe ń gbé kéréètì kọ̀ọ̀kan sókè wò. Èyí tó sán ò tó èyí tí adìyẹ fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀ lórí ìtẹ́. Màámi jókòó sórí irin ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n wo Bàámi, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè ta á ká máa lọ sílé." Mo fò sókè, mo sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo ọjà, mi ò sì bìkítà.

Bọ̀dá Múfú gbọ́ nípa rẹ̀ ní Ifo, wọ́n wá kí wa. Wọ́n ní àwọn àti Bàámi ti ṣì í ṣe, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yọ irin mélòó kan kúrò kí ọkọ̀ lè rọ̀ láìní èrò. Bàámi ti ń lọ gbé jáàkì. Màámi ló jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ wọn kún fún ìyẹ̀fun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá rọ̀, ta ni yóò máa pe àwọn èèyàn yìí láàárọ̀?" Báyìí ni sípíríǹgì típà ṣe wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù yẹn títí tí mo fi lọ sí yunifásítì.

Bàámi ti lọ sinmi báyìí. Arepo ni èmi ń gbé, nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì, mo sì ń wa jíìpù tó rọ̀ débi pé mo lè máa mu tíì bí ọkọ̀ bá ń lọ láìdà á sára. Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Màámi ní Mowe pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Àwọn àti Alhaja Ṣìfáwù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo to àlàyé mi sílẹ̀: dókítà wà nítòsí, iná kì í lọ, ọ̀nà dán bí àwo. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Màámi wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Bùkọ́lá, kí lorúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ?"

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ àwọ̀ ọkọ̀ ọkùnrin náà. Mo mọ ìgbà tó ń jáde àti ìgbà tó ń wọlé. Alhaja bú sẹ́rìn-ín, Màámi náà sì rẹ́rìn-ín, wọn ò tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀gàn. Mo wá rí i pé ohun tí Màámi fi dẹ́rù bà mí nígbà èwe, tí mo sunkún sí tí mo fi ṣe òsúkè, ni èmi àgbàlagbà yìí kó wá bá wọn, tí mo sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá yẹn gbọ́n jù mí lọ. Ó mọ ibi tí kò yẹ kí a ti kó èèyàn kúrò. Mo bọ́ bàtà, mo ní kí wọ́n fún mi láàyè, Alhaja sì sún fún mi.